Apá Ọ̀tún Ló Pá

Eleuterio kò kí mi kó tó kúnlẹ̀.
Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó fi àtàńpàkò wọ́ táyà ẹ̀yìn lára
bí ẹni ń wá ibi tí ara ọmọ ti ń gbóná.
"Àárín kọ́ ló pá," ó ní. "Òsì ṣì ní irun.
Apá ọ̀tún nìkan ló dán bí orí àgbàlagbà."

Ní Río Mayo, kò sẹ́ni tí kò mọ̀
pé ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀fúùfù ti ń wá,
pé bó bá gbéra, kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Títì tọ́ gbọọrọ bí okùn tí a nà,
kò sí igi, kò sí òkè tí a lè sá sí,
àfi koríko tó ti kọ́ bí a ti í dọ̀bálẹ̀.
Ẹni tó bá ń lọ sí gúúsù
á fi èjìká ọ̀tún gbára lé afẹ́fẹ́,
á tẹ̀ sí i, á tún tẹ̀ sí i,
á fi ara títẹ̀ rin ọ̀nà tó tọ́.

"Ọ̀sán lo máa ń lọ," ó ní, ojú rẹ̀ ò kúrò lára rọ́bà,
"ìdájí lo máa ń padà, nígbà tí ẹ̀fúùfù ṣì ń sùn.
Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òsì ì bá ti jẹ dọ́gba."

N kò sọ fún un rí.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí mo bá ti ti ilé epo ní Sátidé,
Perito Moreno ni mò ń forí lé,
níbi tí bàbá mi jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé ilé ìwòsàn,
tó ń ka ọkọ̀ ẹrù.
Ohun tí mo fi pamọ́ fún ará ilé,
mo ti ń fi rọ́bà kọ ọ́ sójú títì.

Ó yí táyà mẹ́ta jáde.
Èkíní pọ́ọ́kú, ó dúdú minijọ.
Ṣùgbọ́n ó tan tọ́ọ̀ṣì sí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n bí i.
Ọdún mẹ́jọ lórí àjà!
"Kò tíì rin ìṣísẹ̀ kan, ó ti darúgbó.
N kò ní tà á fún ọ. Àna mi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ dè."

Èkejì rọ̀.
Ó ń di ilẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́ ti í di irun ìyá rẹ̀ mú.
Ṣùgbọ́n ohun tó bá fara mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ní í jẹ ẹ́:
ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, ó parí.
Ẹ̀kẹta le bí agídí. Yóò rin ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
ṣùgbọ́n bí títì bá tutù, kò mojú ẹnìkan.

"Kìlómítà mélòó ló kù fún ọ?"

Ìbéèrè fọkanáísà lásán ni.
Mo ṣírò. Àlọ àtàbọ̀, igba ó lé àádọ́ta.
Èyí tó rọ̀: ogún ọ̀sẹ̀.
Èyí tó le: ọgọ́ta.
Dókítà, ọmọbìnrin kan tó máa ń já èékánná jẹ,
ti sọ iye tirẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà.
Kò tó ogún.
Ajá Eleuterio wá gbóòórùn bàtà mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Èyí tó le."
"Ìgbà òtútù ń bọ̀, Nélida. Èyí tó rọ̀ ló yẹ ọ́."
"Mo ní èyí tó le."

Owó bàtà tuntun bá a lọ.
Rọ́bà jókòó sínú irin, ó dún pòò.
"Rọra sá fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà àkọ́kọ́,
táyà tuntun ń yọ̀."
Irun wẹ́wẹ́ yọ yí i ká bí ti ìkókó.

Ní Sátidé, bàbá mi ní kí n ti òun jáde.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ tó ń kó irun àgùntàn.
Ó fi èékánná tẹ rọ́bà náà; èékánná kò wọlé.
Ó fa irun kan tu, ó ń yí i láàárín ìka méjì.
"Eléyìí á pẹ́," ó ní.
Lẹ́yìn náà: "Èló lo rà á?"
Mo sọ.
"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ.
Bó bá pá, èmi gan-an ni yóò lọ bá a jà."