Tábìlì Kẹta

Tábìlì kẹta ni tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ní ọ́fíìsì iná, Ìjẹ̀dè.
Èmi kọ́ ni mo ni iná.
Èmi kọ́ ni mo ń mú un lọ.
Ṣùgbọ́n ojú tèmi ni wọ́n ń rí,
nítorí náà, èmi ni wọ́n ń bi.

Wúlẹ̀mọ́tù ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ dé,
òórùn ọ̀sà ṣì wà létí ìró rẹ̀.
"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo rà lọ́jọ́ Àìkú.
Ọjọ́rú kò tíì mọ́, mítà ti ń ké bí ọmọ tébi ń pa.
Ta ló ń jẹ owó mi?"
Mo ní, "Ìyá, ìlẹ̀kùn fíríìsà yín, ṣé ó ń pa dé?"
Ó dákẹ́.
Ó ní okùn lòun fi ń dè é.
Mo ní, "Ibi okùn yẹn gan-an lowó yín ń gbà jáde,
díẹ̀díẹ̀, bí omi inú agbè tó lu.
Ẹ pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀."
Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo já a.

Tíṣà Ọ̀ṣínọ́wọ̀ kó ìwé rẹ̀ wá nínú fáìlì,
ó fi lẹ́ẹ̀dì pupa fàlà sídìí iye kọ̀ọ̀kan.
"Oṣù mẹ́ta gbáko ni tíránsífọ́mà wa fi sùn bí òkú.
Bíìlì kò sùn.
Kí ni mo jẹ tí mo fi jẹ gbèsè? Òkùnkùn?"
"Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, sà."
"Ojú ta ni?
Ojú tó ń díwọ̀n nínú òkùnkùn, kí ló rí?"
Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.
Níbi tí wọ́n kọ Ìdáhùn sí,
bírò mi dúró.

Ìyàwó tuntun kan, ohùn rẹ̀ kéré:
"Bí mo bá pa tẹlifíṣọ̀n,
tí iná pupa bíńtín yẹn ṣì ń ṣẹ́jú,
ṣé ó ń jẹ nǹkan?"
"Ó ń jẹ díẹ̀."
"Bíi ti èkúté?"
"Bíi ti èkúté."
Ó ní, "Èkúté ló jẹ àká bàbá mi tán,"
ó sì lọ, kò bèèrè nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàkírù onílé: mítà kan, yàrá méje,
áyọ̀ọ̀nù mẹ́rin, ìjà ojoojúmọ́.
Ta ni kó san jù?
Mo ní kí kálukú gba mítà tirẹ̀.
Ó ní, "Ìgbà wo ni yóò dé?"
Mo yíjú sí fèrèsé.

Láti ibẹ̀ mo ń rí ọ̀pá èéfín ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná.
Wáyà ńlá ńlá ń gba orí òrùlé wa kọjá,
wọ́n ń hùn bí oyin,
wọ́n ń ru ẹrù lọ bá àwọn tí kò mọ orúkọ wa.
Wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká fi itọ́ bọ́jú.
Àwa ń bọ́ ọ.
Ojú wa sì mọ́, ẹ wá wò ó.

Lálẹ́, nínú ooru, Mojírádé ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sọ́mọ.
Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa mú un wá?"
Ẹnu mi ti ṣí kí n tó mọ̀:
"A ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn yín, oníbàárà wa."
Ó ju abẹ̀bẹ̀ lù mí.

Aago méjì òru, ó dé.
Àdúgbò hó yèè.
Lódìkejì ògiri, fíríìsà Wúlẹ̀mọ́tù gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Èmi tí mo ń sọ fún gbogbo Ìjẹ̀dè pé
ẹ kó aṣọ jọ, ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀,
mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ẹyọ kan péré, sórí bẹ́ẹ̀dì,
mo ń sáré lọ̀ ọ́,
apá òsì ṣì kù,
mo ń wo gúlóòbù,
mo ń bẹ̀ ẹ́.