Àtúnṣà

Ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Ibẹ̀ ló wà kí n tó lọ wẹ̀,
ibẹ̀ ni mo bá a nígbà tí mo wẹ̀ tán,
tí mo jẹ ebìrípo, tí mo fọ abọ́.
Dísíìkì ń kùn nínú àpótí rẹ̀
bí eku tó há sí àjà,
àmọ́ nọ́ńbà ojú gíláàsì kò yẹsẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà yìí ni mo da ìwé gbèsè Màmá kọ sí,
ní pálọ̀ wa ní Mákùn, ní Ṣàgámù:
ẹni tó gba agbọ̀n gbàǹja mẹ́fà, tó san mẹ́rin,
ẹni tó ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti Kánò dé,
ẹni tó kú, tí ọmọ rẹ̀ wá san án,
tí Màmá yọ díẹ̀ padà fún un pé kó fi ra bàtà.
Lánàá mo ní kí n ṣí ìwé náà.
Mo po tíì, mo mu ún, mo ṣan ife,
kò tíì ṣí.

Ṣubòmi ọmọ ilé kejì yẹ̀ ẹ́ wò.
"Bàbá, fáìlì yín ti fọ́n ká.
Orí wà ní igun kan, ìdí wà ní igun kejì.
Kí ẹ̀rọ tó kà á tán, á ti sáré káàkiri
bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já lọ́jọ́ òjò."
Ó fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí, kó lè tò wọ́n jọ.
Ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná lọ.
Iná dé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sáyè.
Kò sáyè kẹ̀? Mo kígbe mọ́ ọn:
torí àyè la ṣe bẹ̀ ọ́ níṣẹ́!

Ìgbà náà ni àgbàlá Màmá dé sí mi lọ́kàn,
gbàǹja ga bí òkìtì láàárín wa,
ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ mú.
"Ẹni tó ń ṣa obì sórí obì, àdàlù ló ń ṣà.
Ilẹ̀ òfìfo ni agbọ̀n àkọ́kọ́."

Mo bá wo inú dísíìkì.
Fídíò ìgbéyàwó Ọ̀nàfowókàn, ẹ̀dà mẹ́ta.
Eré bọ́ọ̀lù tí mo ti mọ ẹni tó jẹ.
Ìwàásù kan tí kò parí.
Mo kó wọn dà sí pàǹtí,
àyè kò fi ìka kan lé sí i.
Àṣé ẹrù inú pàǹtí ṣì ń gba ilẹ̀
títí a ó fi gbé pàǹtí jáde nílé.
Mo gbé e jáde.
Bó ṣe rìn dé mọ́kànlá nìyẹn, tó jókòó.

Alẹ́ lẹ́, Ṣubòmi dé tòun ti àárẹ̀.
Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ báírọ́ọ̀sì lọ sinmi díẹ̀,
onítọ̀hún tó ń dá ẹrù kọ̀ọ̀kan dúró
bíi kọ́sítọ́ọ̀mù ojú títì.
Kò mì. Ó fetí sí ariwo náà, ojú rẹ̀ yí padà.
"Ṣé ẹ ti da ìwé yẹn kọ síbòmíràn?"
Mo wo ilẹ̀.
"Ẹ dá a dúró. Bàbá, ẹ dá a dúró ná."

Fíláàṣì kékeré, tí kò tó àwẹ́ obì kan,
la fi kó gbèsè ogójì ọdún.
Ojú ìwé kan kọ̀, kò wá.
Kòkòrò ti wọ ìyẹn.
Ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò fún wákàtí méjì,
ó fa ààlà yí ibi tó bàjẹ́ ká,
ó ní òun kò ní í gbé ẹrù síbẹ̀ mọ́.
Ta ló wà lójú ìwé náà? N kò rántí.
Ẹnì kan wà ní Kánò tí ọrùn rẹ̀ fúyẹ́ lálẹ́ yìí,
kò sì mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A tún tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá.
Ó dúró. Mo di èémí mú.
Méjìlá.
Ṣubòmi ní kí n lọ sùn, ó di òwúrọ̀.
Màmá kì í sùn lóru tí obì bá wà nílẹ̀.
Mo fa àga sún mọ́ ọn,
mo pa fáànù kí n lè gbọ́ bó ṣe ń ṣà.