Nọ́ńbà Keje Lórí Máàpù

Ọyẹ́ ti la ètè wa lọ́dún náà ní Òró-Àgọ́,
eruku ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ká tó wọlé,
nígbà tí Tíṣà Ọlárìnóyè tú máàpù tó fi ẹ̀kọ lẹ̀.
Ó ní ká wá Líkítẹ́ńsítáìnì.

Àfùsátù wá a sójú òkun, ó pè é ní erékùṣù.
Èmi wá a lọ sí Rọ́ṣíà, torí àyè wà níbẹ̀.
Ilẹ̀ ọ̀hún kéré, orúkọ rẹ̀ gùn jù ú lọ;
nọ́ńbà keje ni wọ́n kọ sí i láyà,
wọ́n wá to orúkọ sísàlẹ̀ ìwé,
bí ìyá tó pọn ọmọ, tó gbàgbé bàtà rẹ̀ sílé.

"Ẹni tó bá jí kúrò ní ìkángun kan," Tíṣà wí,
"tó ń fẹsẹ̀ rìn, yóò dé ìkángun kejì kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ní ìbú ńkọ́? Kò tó ìrìn òwúrọ̀."
Sàláwù tó ń ti oko wá síléèwé nawọ́:
"Sà, èmi ń la orílẹ̀-èdè já lójoojúmọ́ nìyẹn,
ebi sì máa ń pa mí ní ibodè."

Òkè ní ìlà-oòrùn, odò Ráìnì ní ìwọ̀-oòrùn,
àwọn èèyàn wà láàárín bí ẹ̀pà nínú èèpo.
Wọn ò ní òkun. Aládùúgbò wọn ò ní òkun.
Wọn ò ní sójà kan ṣoṣo.
"Bí ogun bá dé ńkọ́, sà?"
Tíṣà wo fèrèsé, ó wo àwọn òkè tiwa
níbi tí àwọn baba wa sá sí rí.
Kò fèsì.

Ó ní afẹ́fẹ́ kan ń sọ̀ látorí òkè wọn, Fọ́ọ̀nù,
gbígbóná ni, a máa yọ́ òjò dídì, a máa fọ́ni lórí.
Tiwa ń tutù, ó ń la gìgísẹ̀.
Kí ni òjò dídì? Òun náà ò rí i rí.
Ó gbá dọ́sítà lé Àfùsátù lórí:
ẹfun ń bọ́, jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́,
ọmọ ọdún mọ́kànlá di ìyá àgbà lójú wa.
A rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù.

Mo pàdé rẹ̀ níjẹta ní gáréèjì Àjàṣẹ́-Ìpo.
Ó lé lógójì ọdún.
Ó tú gèlè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lórí.
Mo nawọ́ bí òmùgọ̀, mo fẹ́ bá a gbọn ọ́n dànù.
Ó ní, "Fi sílẹ̀. Eléyìí ò yọ́."