Pupa Kẹtàdínlógún

Agolo kékeré ni, kò ju àtàńpàkò lọ,
àwòrán àkùkọ lórí ìdérí rẹ̀,
nọ́ńbà lábẹ́ ìdí: mẹ́tàdínlógún.
Mo ti fi kun ilé méje,
ilé tó ga tó páálí ìṣáná.

Agboolé wa ní Kétu nìyẹn, bó ti wà
kí kátákátá tó wá la títì gba àárín rẹ̀ kọjá:
ògiri alámọ̀, páànù tó ti dógùn-ún,
ewúrẹ́ Bàbá Láṣebíkan lẹ́nu ọ̀nà,
ìkòkò omi tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
Ó ku ilé kan.
Mo ṣí agolo, ọ̀dà inú rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ àná.

"Wọn ò ṣe Alákùkọ mọ́," Ọdúnlàmì wí ní Pọ́bẹ̀,
ó ń fi àkísà nu ọwọ́ bí ẹni tó ń nu ẹjọ́ nù.
"Wọ́n ti kógbá sílé. Gba Ẹlẹ́ja.
Ṣebí pupa náà ni?"

Pupa náà!
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta làwọn ìyá wa fi kó gbogbo ohun tójú ń rí:
funfun, dúdú, pupa.
Pupa ni epo, pupa ni ogbe àkùkọ,
pupa ni ọmọ tuntun, pupa lojú ẹni tí kò sùn.
Ta ló bu epo kun ojú rí?

Mo ra Ẹlẹ́ja. Ní tútù, ó jọ ọ́ bí ìbejì;
ó gbẹ tán, ó di ẹran tí a gbàgbé sínú igbá.
Mo ránṣẹ́ sí Kútọnu, wọ́n fi ti Faransé ránṣẹ́,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fàránkì, orúkọ gígùn tí n kò lè pè:
ó ń dán bí ètè ọmọge.
Ilé alámọ̀ wo ló ń dán?
Ti Nàìjíríà gba Ìlárá wọlé lẹ́yìn alùpùpù.
Ìyẹn súnmọ́ ọn, ó ku díẹ̀,
bí àjèjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ ẹni pè.

Mo tò wọ́n sára àfọ́kù igbá, mo gbé e sóòrùn.
Ẹlẹ́ja ẹ̀kán mẹ́ta, dúdú ẹ̀kán kan. Rárá.
Ti Nàìjíríà ẹ̀kán méjì,
àwọ̀ ìyeyè bíńtín lórí abẹ́rẹ́. Rárá.
Mo fi osùn sí i, ó di ẹsẹ̀ ìyàwó.
Mo bu eérú.
Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ;
wọn ò sọ ohun tí a ó wí
bí ẹni tó ń gbẹbọ bá lójú.

Nítorí ilé tó kù, ilé ìyá mi ni.
Mo fi í sẹ́yìn bí ọmọdé tí ń fi ẹran sẹ́yìn oúnjẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin mo rìn dé etí títì,
níbi tí ìdajì ògiri kan ṣì dúró.
Mo bu amọ̀ rẹ̀ sínú páálí ìṣáná,
mo gbé e wálé, mo fi í wé mẹ́tàdínlógún.
Kò jọ ọ́.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi Alákùkọ parọ́ láìmọ̀,
ilé méje, irọ́ méje tó bára mu.

Mo jókòó. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Omi ta sórí amọ̀ náà láti inú ife mi,
ó ṣókùnkùn, ó di,
mo wo àfọ́kù igbá,
ó di ti Nàìjíríà tó gba eérú,
ìkẹjọ láti apá òsì.

Burọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta. Mo sé èémí.

Róòsì ọmọ àbúrò mi ti ilé ìwé dé,
ó gbé àgbọ̀n lé etí tábìlì,
ó wò ó, wò ó.
"Kí ló dé tí ilé Ìyá Àgbà nìkan ṣú?"
"Òjò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á."
"Àwọn yòókù ńkọ́?"
Mo ń fọ burọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, omi inú ife ti pọ́n.
"Òjò náà kò tíì débẹ̀."