Kẹtàlélúgba nínú Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta

Mùfútáù ti pè lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀.
Ó ní jíìpù mìíràn ti dé sí Fádèyí,
ó dúdú, ó ga, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ìjókòó méje.
Kí n gbé tèmi wá, kí n gbé tirẹ̀ lọ,
òun á tún ka mílíọ̀nù mẹ́fà lé mi lọ́wọ́.
"Ọ̀gá, ẹ kàn rò ó wò."
Bíi pé nǹkan mìíràn wà tí mò ń rò.

Mo jókòó sínú rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, mi ò tan iná.
Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀,
àwo irin kan wà, kò ju èékánná méjì lọ:
kẹtàlélúgba nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ní gbogbo ayé,
wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́.
Ta ló ni ìkejìlélúgba?
Ṣé òun náà kì í sùn?
Ṣé ọ̀nà ilé tiẹ̀ ní ihò tó lè gbé ọmọ mì?

Tèmi ní. Ní Òyìǹgbò,
bí àgbàlagbà tó ń bọ́ sínú odò tútù
ni mo ṣe ń wọ kòtò:
táyà ọ̀tún kọ́kọ́, kí n dúró, kí n pe Ọlọ́run,
kí tòsì tó tẹ̀ lé e.
Síbẹ̀, nígbà mìíràn, ikùn rẹ̀ a fi ilẹ̀ họra.
Inú eyín mi ni ìró yẹn ti ń dún.

Ohun kan bàjẹ́ lára rẹ̀, ó di ìlú òyìnbó.
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi retí páǹpù kan,
ológbò àdúgbò bímọ mẹ́rin sórí tapólì tí a fi bò ó,
Sẹ̀míù mẹkáníìkì sì ń bá mi kí ìyá ọmọ kú ewu.
Bí òjò bá rọ̀ tí n kò sí nílé,
mi kì í béèrè òrùlé, mi kì í béèrè ọmọ.
"Omi ti dé ibo?"
"Ó ti dé orúnkún."
"Orúnkún èèyàn ni, àbí orúnkún mọ́tò?"

Lọ́jọ́ tí mo fi gbé Màámi lọ rí dókítà ojú,
èèyàn mẹ́ta ló fà á jáde.
Ó tún ìró rẹ̀ ró,
ó wo mọ́tò náà látòkè délẹ̀, kò pẹ́ kó tó délẹ̀,
ó ní, "Àkànmú,
ṣé owó ò tó ra ìyókù rẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún ààbọ̀, ọjọ́ Àìkú,
tí bíríìjì gígùn orí ọ̀sà ṣófo,
tí èéfín pákó Oko-Bàbà ṣì sùn sójú omi,
tí apẹja kan nàró sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí àmì ohùn,
mo tẹ̀ ẹ́.
Kò pariwo. Ó kàn tú èémí
tó ti há sí i láyà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá,
tèmi náà sì bá a jáde.
Láti Adékúnlé dé Erékùṣù, ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Mo ti ṣírò rẹ̀:
ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́sẹ̀
ni mò ń fi owó ilé-ìwé odindi ọmọ kan bọ́.

Fóònù tún dún.
Mo ní, "Mùfútáù, bí mo bá yọ àwo kékeré yẹn ńkọ́?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Hà, ọ̀gá. Láìsí i, mọ́tò lásán ni.
Ẹ gbàgbé mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn."

Súkúrù mẹ́rin ló dè é.
Mo tú ọ̀kan.
Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó kéré ju ẹ̀wà lọ.
Adérójú yọjú lójú fèrèsé: oúnjẹ ti ń tutù.
Mo dá a padà sí ihò rẹ̀, mo fún un le,
mo fi ìka nu ojú àwo náà.

Mo sọ fún Mùfútáù pé ọ̀la Àìkú ni,
kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.
Oṣù kẹta ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ bọ̀.