Wàkílù, Má Tíì Fọwọ́ Síwèé

Wàkílù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
wọ́n ní àwọn tó ń wọnlẹ̀ ti dé oko bàbá wa,
wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi àgbọn,
wọ́n sì ra mọ́tò fún ọ.
Rárá o, wọn ò tíì rà á,
fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fi hàn ọ́ lórí fóònù.
O ní epo wà nísàlẹ̀.
O ní ká ta àwọ̀n, ká ta ọkọ̀,
ká wó ààrò tí Ìyá Sàbítíyù fi ń yan ẹja.

Jókòó.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jó irin
nílùú kan létí omi àwọn Lárúbáwá,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè:
díẹ̀ lónìí, ó tún di àmọ́dún.
Mo gbọ́ bí epo ṣe ń kùn nínú páìpù
bí oyin inú igi.
Mo rí ilé tó kan ìkuukùu,
ọ̀nà tó tẹ́ bí ọ̀sà àárọ̀,
ilé-ìwé tí ọmọ kì í san kọ́bọ̀.
Epo ló ṣe é. N kò ní parọ́ mọ́ epo.

Ṣùgbọ́n bàbá kan wà tó ń ṣọ́ géètì wa,
Jumá lorúkọ rẹ̀, ìka rẹ̀ méjì ti rọ.
Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ a máa fi ìwo pa imú dé,
a so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, a rì lọ sísàlẹ̀ òkun
lọ ṣa ìlẹ̀kẹ̀ funfun inú ìkarahun.
Òun ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń gbéyàwó,
òun ni wọ́n fi ń sìnkú.
Àfi lọ́jọ́ tí àwọn ará òkèèrè kọ́ bí a ṣe ń sin ìkarahun
bí ẹni ń sin adìyẹ.
Bàbá àgbà jáde nínú omi,
ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀,
ó tẹ́ ohun tó kó sílẹ̀, ẹnìkan ò béèrè iye.

“Ọrọ̀ tó bá dá dé,” Jumá wí, “ó lè dá lọ.”

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi owó epo ra ohun tí kì í ṣe epo.
Àkọ́bí Jumá ń ṣiṣẹ́ ní èbúté,
èkejì ń fi dígí gba oòrùn, ó ń tà á bí iná,
àbúrò wọn obìnrin ń sin edé nínú adágún oníyọ̀.
Edé, Wàkílù!
Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ lọ wo edé láṣálẹ̀,
omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí o.
A kọ́ ọjà ńlá kan tí oníbàárà ò dé,
ẹyẹ ló ń sùn níbẹ̀.
Owó oṣù mẹ́rin wa ṣì wà lọ́rùn wọn.

Wàyí o, wo omi tiwa.
Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn ti gbẹ́ ọ̀sà
kọjá ibi tí ẹja ń yé sí.
Ní Olúwo láàárọ̀ àná, ọ̀bọ̀kún inú abọ́
tín-ín-rín bí ìka ọmọ ilé-kéwú.
Mo mọ̀. N kò sọ pé ẹja nìkan tó wa.
Ìyá Sàbítíyù gan-an ò sọ bẹ́ẹ̀:
nígbà tí ẹja wọ́n, ẹní ló hun,
ó fún òróró àgbọn,
ó sin àrọ̀ sínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé.
Kò dé ilẹ̀ Lárúbáwá rí.
Ọ̀nà kan ò wọjà, ohun tó mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ epo ni, kó máa bọ̀.
Kó wá bá àwọ̀n nínú omi,
kó bá ààrò tó ń rú èéfín,
kó bá ọmọ tó lè ka ìwé àdéhùn dé ìparí.
Mo fi awò kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ojú-ewé kẹrin, nísàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà:
“títí láé” ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ,
ẹnìkan ò sì tíì pààrọ̀ omi àrọ̀.