Ìwọ̀n Oṣù Kẹsàn-án

Lọ́dọọdún, kí yìnyín tuntun tó bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀,
bàbá mi Duri, olùṣọ́ igbó, a mú okùn ìwọ̀n,
a mú ọ̀dà pupa, búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì,
a sì gun òkè lọ wo ibi tí yìnyín parí sí.

Láti ara òkúta tó kùn lọ́dún tó gbaṣẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀.
Èmi a di orí okùn mú, òun a máa lọ,
a máa kà, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan etí yìnyín.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo ń rí ojú rẹ̀.
Nígbà tó yá, fìlà rẹ̀ nìkan.
Nígbà tó tún yá, ohùn.

Òpó méjì ló wà nínú ìwé rẹ̀: ìyọkúrò, àfikún.
Ìyọkúrò kún dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé.
Lábẹ́ àfikún, ẹyọ kan:
mítà mẹ́rin, ọdún tí wọ́n bí mi.
Ìyá àgbà Mengia ní èmi lọmọ tó fa yìnyín wálé.
Mo gbà á gbọ́. Lóru mo máa ń ronú
ohun tí mo ṣe tó fi tún padà lọ.

Ó ń yọ́. Ṣé bí òrí tó rí oòrùn ni,
àbí bí onígbèsè tó ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé
kí olówó tó jí?

Lọ́dún yìí Duri kò lè gòkè.
Ó ní, “Orúnkún mi náà ti fà sẹ́yìn.”
Curdin, ọmọ mi, ló di orí okùn mú.
Adágún ti wà níbi tí mo jókòó jẹun lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
omi rẹ̀ rí bí omi orí ògì.
Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Okùn tán.
Mo so òmíràn mọ́ ọn, ó tún tán.
“Ìyá mi, ṣé ẹ ti débẹ̀?”
Mi ò rí i. Mo gbé ọwọ́ lé etí yìnyín,
ó tutù, ó lómi lára bí aláìsàn tí ibà ń fi sílẹ̀.
Mítà mọ́kàndínláàádọ́ta.

Nílé, Duri gba ìwé, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.
Ó wá fi ìka tọ òpó kejì, òfìfo, lọ sókè,
títí ó fi kan mẹ́rin.
“Ọ́fíìsì ní ká yọ òpó yìí, pé ó ń gba àyè lásán.
Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀.”
Ó pa ìwé dé,
ó bi Curdin bóyá wàràkàṣì kù.